Ìlẹ̀kẹ̀ Àwọn Obìnrin Ààfin: Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Àkúrẹ́ àti Ìbíní

Ìlẹ̀kẹ̀ ni olórí ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin ààfin ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ìlú Ìbíní. Ní Yúróòpù, ohun tí a fi ń dá ayaba mọ̀ ni ẹ̀gbà ọrùn péálì, ìyẹn ohun funfun dídán roboto tí ń hù nínú ìkarawun ẹ̀dá inú òkun. Òun àti ọ̀ṣọ́ olókùúta iyebíye tí a ń há mọ́ aṣọ láyà, àti adé tẹ́ẹ́rẹ́ aláìlórùlé tí a ń gbé ka irun, tí ìyá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ní ààfin Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Àkúrẹ́ àti Ìbíní, iyùn, sẹ̀gi àti àkún ni ó wà ní ipò wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kì í ṣe ti ohun tí a fi ṣe wọ́n nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ ààfin kì í ṣe ti obìnrin tí ó so ó. Ti oyè tí ó wà lórí rẹ̀ ni. Bí oyè bá kúrò lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà a kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nítorí èyí, ìtàn wọn kò jọ ìtàn ogún ìdílé lásán, àríyànjiyàn lórí àwọn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní Ìbíní ní ọdún 1897 kò sì tíì parí.

Orúkọ wọn

Àwọn orúkọ náà ń fẹ́ àlàyé, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀kan pe èkejì. Iyùn ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa. Lónìí, èyí tí ń hù nísàlẹ̀ òkun, tí àwọn oníṣòwò ń kó láti agbègbè Òkun Mẹditaréníà wá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí iyùn. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Potogí tó dé etíkun wa ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí a fi òkúta gbẹ́ ti wà nílẹ̀. Irú èyí ni lántànà tí Ìlọrin gbajúmọ̀ fún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: àwọn oníṣẹ́ a fọ́ òkúta pupa sí wẹ́wẹ́, wọn a lu ú níhò, wọn a sì máa fi í ha òkúta mìíràn títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ náà kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun tí kò wọ́n kún ọjà.

Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ aró. Àkún náà jẹ́ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ìlẹ̀kẹ̀ oyè láìfi àwọ̀ ṣe. Iyì wọn hàn nínú orúkọ ènìyàn: Sẹ̀gilọlá, Iyùnadé. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ funfun, tí ó bá péálì mu jù lójú, kì í ṣe ọrọ̀ ni ó ń sọ níhìn-ín. Ti Ọbàtálá ni, ọrùn àwọn àwòrò rẹ̀ ni a sì ti ń rí i. Ìwà mímọ́ ni ó dúró fún. Ẹni tí ó ń wá ọlá ayé a máa wá pupa àti aró.

Ifẹ̀

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn òǹkọ̀wé òkè òkun gbà pé kò sí dígí ní Áfíríkà wa yìí àfi èyí tí a bá kó wọlé. Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tí ó dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910, rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ lẹ̀ mọ́ lára ní Igbó Olókun, ní apá àríwá ìlú náà; síbẹ̀ ó gbà pé àjèjì ni ó mú ọgbọ́n Ifẹ̀ wá. Ìwalẹ̀ tí Abidemi Babatunde Babalola ṣe níbẹ̀ ni ìbá ti tètè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kí ó tó wáyé: ọdún 2011 sí 2012 ni. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000 ni wọ́n rí, pẹ̀lú pàǹtírí iṣẹ́ dígí. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà tí ó wà nínú dígí náà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá, àti pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ́ dígí láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí kẹẹ̀ẹ́dógún. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao ní orílẹ̀-èdè Málì. Olókun, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe igbó náà, ni òrìṣà òkun àti ọrọ̀. A kò sì lè ṣàì ronú pé orúkọ náà ń rántí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe níbẹ̀.

Obìnrin wà lára àwọn tí ó so ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí. Ní ọdún 1957, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, àwọn ère idẹ kan jáde, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lọ́ mọ́ra, àwọn méjèèjì nínú ọ̀ṣọ́ oyè. Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ náà ni orí ayaba kan tí a fi amọ̀ sísun mọ ti wá: adé orí rẹ̀ ní ìpele márùn-ún, ìlẹ̀kẹ̀ sì hàn lára rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ obìnrin náà. Àwọn ará Ifẹ̀ ń sọ ìtàn Lúwo, obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà nínú ìtò àwọn Ọọ̀ni, tí wọ́n ní ó pàṣẹ pé kí a fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀nà alápàáàdì bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́ káàkiri Ifẹ̀. Lúwo kò gba adé gẹ́gẹ́ bí aya tàbí ìyá ẹnikẹ́ni. Gẹ́gẹ́ bí ọba ni ó fi dé e.

Ní nǹkan bí ọdún 1505, Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Potogí, kọ̀wé pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan ní odò Forcados, tí wọ́n sì ń gbé e lọ pààrọ̀ wúrà ní Elmina, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ó fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ láti ẹkùn wa ni Òyìnbó kọ́kọ́ rà, kí ó tó di pé ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn borí ọjà.

Ọ̀yọ́: ọwọ́ Ìyá Kéré

Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, to àwọn obìnrin olóyè ààfin Ọ̀yọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ìyá Ọba ni a ń bọ̀wọ̀ fún jù. Ṣùgbọ́n Ìyá Kéré ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́jú ìṣúra Aláàfin. Adé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jìgbà, okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tí ń ti ọrùn ọba balẹ̀ dé orúnkún, àti gbogbo ohun ẹ̀yẹ tí a ń lò lọ́jọ́ ńlá. Bí Aláàfin bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀ láti kó wọn jáde. Bí kò bá sì kó wọn jáde, àlejò yóò dúró títí, ìjòyè yóò pé, ìlù yóò máa dún, ọba kò ní lè jókòó ní gbangba. Ní ọjọ́ ìwúyè, òun ni ó ń gbé adé lé ọba lórí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa ọ̀ṣọ́ ayaba sábà máa ń wo ohun tí obìnrin wọ̀. Ní Ọ̀yọ́, ohun tí obìnrin kò wọ̀, tí ó kàn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni ó fún un ní agbára jù. Ìlẹ̀kẹ̀ adé Aláàfin kì í ṣe ti Ìyá Kéré; kì í sì í ṣe ti Aláàfin náà bí ó ti wù kí ó rí, nítorí kò lè tà á, kò lè fi tọrẹ, kò sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá wù ú. Àṣà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni pé ọba kò gbọdọ̀ wo inú adé. Nítorí náà ẹ̀yìn ni ẹni tí ń dé e fún un ń dúró sí, ọba a sì gbà á láìrí i. Ẹni tí ó ń rí inú adé ni ẹni tí kò lè dé e.

Ipò Ìyá Ọba fúnra rẹ̀ kò rọrùn. Johnson kọ ọ́ pé bí ìyá tí ó bí ọba bá wà láàyè nígbà tí ọmọ rẹ̀ gorí oyè, wọn a ní kí ó lọ sùn, ìyẹn ni pé kí ó kú. A ó sì fi obìnrin mìíràn nínú ààfin jẹ Ìyá Ọba dípò rẹ̀. Ẹni tí a ń kí ní ìyá ọba, tí ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ ipò náà, kì í ṣe ẹni tí ó bí ọba. Kò sí ibi tí a ti rí i kedere jù báyìí pé oyè ni ó ni ọ̀ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Àkúrẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ Adelé

Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Oǹdó àti Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a máa ń fi jẹ Adelé títí ìlú yóò fi yan ọba tuntun. Kì í múra bí obìnrin ní gbogbo àkókò náà. Agbádá ni ó ń wọ̀, ó ń dé fìlà, ó ń gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ dání, iyùn ọba sì wà lọ́rùn àti lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè tí ó jù ú lọ́jọ́ orí a máa kí i bí ọba. Ní Àkúrẹ́, Ọmọba Adétútù Adéṣidà-Òjéì wà ní ipò yìí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀, Dèjì Adébíyìí Adéṣidà, wàjà ní ọdún 2013, títí a fi yan Dèjì mìíràn ní ọdún 2015.

Ìdí tí a fi ń yan ọmọbìnrin kò ṣòro láti rí: ọmọkùnrin tí ó bá ti jókòó lórí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ lè má fẹ́ dìde mọ́. Àwọn kan ka èyí sí iyì fún obìnrin, àwọn mìíràn sì ní ọ̀nà láti fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́jú ohun tí a kò ní fún un ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òótọ́ nínú. Ní ọjọ́ tí ọba tuntun bá wọlé, Adelé a bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọba sílẹ̀, a sì padà sí aṣọ obìnrin.

Èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ni ó jẹ́ ti oyè. Olorì a máa ní tirẹ̀: èyí tí ó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, èyí tí ọkọ fi ta á lọ́rẹ, èyí tí ó fi owó òwò rẹ̀ rà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, bí obìnrin bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń jogún ohun ìní rẹ̀, ọkọ kì í bá wọn pín in. Ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ a sì sábà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní abala yìí ni ìlẹ̀kẹ̀ wa gbé sún mọ́ adé tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn ayaba Yúróòpù. Òun náà sì ni ó jáde kúrò láàfin. Lónìí, ìyàwó ọ̀ṣìngín tí kò bá ọba tan a máa so iyùn lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ní Libreville tàbí ní London, láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tí ó ti rí i.

Ní Ìbíní àtijọ́, wọn ì bá bi í. David van Nyendael, ọmọ ilẹ̀ Hólàndì tí ó dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, kọ ọ́ pé ọba ni ó ń fún àwọn ìjòyè ní okùn iyùn, pé wọn kò gbọdọ̀ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn, àti pé ikú ni ìdájọ́ ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù tàbí tí a jí i mọ́ lọ́wọ́.

Ìbíní: Idia

Àwọn Ẹdó ń sọ pé Ọba Ewuare ni ó gba ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́wọ́ Olókun ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dọ̀ tiwọn náà, ìyá ọba kì í pẹ́ láyé lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá jọba. Ọba Esigie, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni ó yí i padà. Ìyá rẹ̀, Idia, ni ìtàn sọ pé ó fi ọgbọ́n àti oògùn gbè é lẹ́yìn nínú ìjà oyè pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ àti nínú ogun Ìdá. Esigie dá oyè Iyoba sílẹ̀ fún un, ó sì fún un ní ààfin tirẹ̀ ní Uselu. Láti ìgbà náà ni ìyá ọba ti ní ọ̀ṣọ́ tirẹ̀: fìlà onílẹ̀kẹ̀ iyùn tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó síwájú, tí àwọn Ẹdó ń fi ẹnu odídẹrẹ́ pè, àti ẹ̀gbà iyùn tí ó kún ọrùn dé àgbọ̀n. Orí idẹ tí a ń gbé ka ojúbọ Iyoba fi méjèèjì hàn.

A tún gbẹ́ ojú rẹ̀ sí eyín erin, ó kéré tó ohun tí ọba lè so mọ́ àyà tàbí ìbàdí ní àkókò ìrántí ìyá rẹ̀. Nínú èyí tí ó wà ní Metropolitan Museum ní New York, adé tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí irun rẹ̀ ká, orí àwọn ará Potogí onírùngbọ̀n àti ẹja àrọ̀ ni a sì gbẹ́ sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹja àrọ̀ ń gbé omi, ó sì ń gbé ilẹ̀. Àwọn ará Potogí gba orí omi wá pẹ̀lú idẹ àti iyùn. Ohun tí ó sọ ìjọba ọmọ rẹ̀ di ọlọ́rọ̀ ni a fi ṣe adé rẹ̀.

Kí a tó dé ọdún 1897, ẹjọ́ kan tí ó wáyé láàrin àwọn ọba Òyìnbó yẹ ní mímẹ́nu bà. Nígbà tí Victoria jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1837, kò lè jọba ní Hanover ní Jámánì, nítorí pé obìnrin ni. Arákùnrin bàbá rẹ̀, Ernest Augustus, ni ó jẹ ibẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó ọ̀ṣọ́ Ayaba Charlotte, ìyá òun, wá. Victoria ti ń lò wọ́n. Wọ́n fà á fún ogún ọdún, títí ìgbìmọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá Hanover láre ní ọdún 1857, Victoria sì dá wọn padà. Ìbéèrè tí wọ́n yẹ̀ wò ni èyí tí Ọ̀yọ́ àti Ìbíní ti dáhùn tipẹ́: ṣé ti ẹni ni, tàbí ti ìtẹ́? Ìjọba Faransé dáhùn lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 1887 wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú ọ̀ṣọ́ àwọn ọba wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi jọba. Adé olópéálì Ayaba Eugénie bá a lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre rà á padà ní ọdún 1992, àwọn olè sì jí i gbé níbẹ̀ ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ogójì ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ Hanover, ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Victoria kan náà wọ Ìbíní, wọ́n kó ààfin, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1914. Inú àpótí kan ní yàrá ọba ni wọ́n ti rí àwọn ojú Idia eléyín erin. Ralph Moor, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹkùn náà, mú méjì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Charles Seligman. British Museum ra ọ̀kan ní ọdún 1910. Ìyàwó Seligman ta èkejì sí New York ní ọdún 1958.

Ìlẹ̀kẹ̀ gidi díẹ̀ padà wálé. Ní ọdún 1938, G. M. Miller, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá wọn lọ sí ogun náà, dá adé iyùn méjì àti ẹ̀wù iyùn kan padà fún Ọba Akenzua Kejì. Ẹni kan ni ó dá a padà, kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tí Nàìjíríà fi ojú Idia ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kínní ọdún 1977, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a yá òun ní ti London, British Museum kọ̀. Àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ òmíràn.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé Ọba Ìbíní ni ó ni àwọn ohun tí a kó lọ ní 1897, òun ni a ó sì máa kó wọn fún bí wọ́n bá ti ń padà dé. Àwọn kan ní Yúróòpù yarí: wọ́n ní orílẹ̀-èdè ni àwọn rò pé àwọn ń dá a padà fún, kì í ṣe ìdílé kan. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ìkéde náà dáhùn pé ààfin ni a ti kó wọn, ìtẹ́ tí wọ́n jẹ́ tirẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀ kò sì lè tà wọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hólàndì dá ohun 119 padà. Ojú Idia méjèèjì ti Moor mú ṣì wà ní London àti New York.